Ìgbì Ìléfòó Nínú Ìsàlẹ̀ Afẹ́fẹ́ Àyíká Oòrùn

Oríṣi ìgbì méjì ni orúkọ òòfà máa ń pa pọ̀ ṣì mọ̀. Èkíní ni mímì gbalasa òfurufú àti àkókò tí Einstein sọ tẹ́lẹ̀ ní ọdún 1916, tí ẹ̀rọ LIGO sì kọ́kọ́ rí àmì rẹ̀ ní ọdún 2015. Èkejì máa ń wáyé nínú afẹ́fẹ́ tàbí omi, nígbà tí òòfà bá fa ohun tí ó gòkè padà sísàlẹ̀, tí omi tàbí afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ sì tún gbé e léfòó. “Ìgbì ìléfòó” ni orúkọ tí ó ya èyí sọ́tọ̀.

Ojú oòrùn ń hó bí ẹ̀kọ lórí iná. Ìhó kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Gáàsì tí ó bá ta láti inú ìhó náà wọ ìpele òkè tí kì í hó yóò wúwo ju àyíká rẹ̀ lọ, yóò sì rì. Bí ó bá rì kọjá ààyè rẹ̀, yóò tún léfòó. Báyìí ni ìgbì ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Láti dá a mọ̀, àwọn onímọ̀ ń wo àwọn ìlà dúdú tí irin àti àwọn èròjà mìíràn ń fà sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìpele gíga tí ó ti wá. Bí gáàsì bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ń wò ó, ìlà náà á sún díẹ̀ sí ọ̀nà àwọ̀ búlúù. Bí ó bá ń lọ, á sún sí ọ̀nà pupa. Nípa fífi ìpele méjì wéra, wọ́n ń mọ èyí tí ṣóńṣó ìgbì kọ́kọ́ dé. Nínú ìgbì ìró, ṣóńṣó àti agbára jọ ń gòkè ni. Nínú ìgbì ìléfòó, ṣóńṣó ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí agbára ń gòkè. Ìtakora yìí gan-an ni àmì ìdánimọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 2008, Thomas Straus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ẹ̀rọ IBIS ní Sacramento Peak, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, pẹ̀lú àwọn sátẹ́láìtì SOHO àti Hinode. Wọ́n rí i pé agbára tí ìgbì ìléfòó ń gbé dé ìdí kromosífíà pọ̀ ju ti ìgbì ìró lọ, ó sì súnmọ́ iye tí gbogbo kromosífíà ń pàdánù nípa ìtànṣán. Ibi tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì bá ti le, ìgbì náà kì í lágbára.

Ìwádìí yìí kan ìbéèrè àtijọ́ kan: kí ni ó ń mú kromosífíà gbóná ju ìpele tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ? Ṣùgbọ́n ẹrù tí a gbé dé ẹnu ọ̀nà kò tíì wọlé. Ohun tí ó kù láti wọ̀n ni ìwọ̀n agbára náà tí ń di ooru.