Aṣọ́lé Ọ̀dọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Bọ́ọ̀lù Òkè-Òkun

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n bá ní kí o ṣàlàyé bí ọmọ tó ń ṣọ́lé ṣe ń gòkè nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè, má ṣe fi gbogbo ojú ìwé yin bọ́ọ̀lù. Ṣe ni kí o jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n, báyìí:

Nínú àwọn 11 tó ń gbá bọ́ọ̀lù, aṣọ́lé nìkan ni òfin gbà láyè láti fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, ìyẹn nínú àyè tí wọ́n fi ẹfun là sílẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ipò rẹ̀ kò gba ẹni méjì. Ọmọ tó ń gbá iwájú lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n sì lè fi í rọ́pò ẹlòmíràn nígbà tí eré bá ku ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ní ti aṣọ́lé, ọba kì í pé méjì láàfin. Bí ọmọ ti wù kó mọ̀ ọ́n ṣe tó, yóò dúró títí àyè yóò fi ṣí.

Wo André Onana. Kamẹrúùnù ni wọ́n ti bí i ní 1996. Ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tí Samuel Eto'o dá sílẹ̀ ló wà kí ó tó lọ sí La Masia, ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Barcelona ní Sípéènì, ní 2010. Ọmọ ọdún 14 péré ni.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ju fífò mú bọ́ọ̀lù lọ. Láti 1992 ni òfin ti sọ pé aṣọ́lé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹni tiwọn bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá sí i. Aṣọ́lé tí kò mọ ẹsẹ̀ lò wá di ẹrù fún ẹgbẹ́ rẹ̀. (Nígbà tiwa, ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá rárá ni a máa ń tì sójú ilé!)

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú, má sì fò ó. Òfin FIFA kò gbà kí ẹgbẹ́ mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti ilẹ̀ mìíràn, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ìgbà tí òbí rẹ̀ bá ṣí lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Nítorí irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí ni FIFA ṣe jẹ Barcelona níyà ní 2014, tí wọn kò fi lè forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀ jálẹ̀ 2015. Ẹni tó bá wá gbowó lọ́wọ́ òbí ní àdúgbò rẹ, tó ní òun yóò mú ọmọ ọdún 15 lọ ṣọ́lé ní Yúróòpù, ó yẹ kó ṣàlàyé ọ̀nà tí yóò gbà.

Ká padà sọ́dọ̀ Onana. Kí ìyà yẹn tó mú Barcelona, wọ́n ti ra aṣọ́lé méjì ní 2014, Claudio Bravo àti Marc-André ter Stegen. Ọ̀nà dí. Ní oṣù kìíní 2015, Onana kọjá sí Ajax ní ìlú Amsterdam. Jong Ajax, ikọ̀ kejì wọn, ló kọ́kọ́ ń ṣọ́lé fún, nítorí Jasper Cillessen ló wà lójú ilé ikọ̀ àgbà. Ní oṣù kẹjọ 2016, ta ló wá ra Cillessen? Barcelona ni! Ẹgbẹ́ tí kò ráyè fún Onana ló wá ṣí àyè fún un níbòmíràn.

Ní oṣù karùn-ún 2017, òun ló ṣọ́lé fún Ajax ní àṣekágbá Europa League ní Stockholm, níbi tí Manchester United ti fi góòlù 2 sí 0 borí wọn. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà náà, ó sì ti pé ọdún méje tó ti dé Yúróòpù.