Ohùn tí a Gbà Sílẹ̀ àti Ẹgbẹ́ tó Padà Wá: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó bá jáde láti Festac Town, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní ìpínlẹ̀ Èkó, tó sì bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Bàdágírì, yóò rí i pé apá kan ọ̀nà náà ń lọ sí Bàdágírì, Sẹ̀mẹ̀, Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Apá kejì ń darí ènìyàn sí Àpápá, níbi tí ilé-iṣẹ́ EMI ní ilé ìgborinsílẹ̀ sí ní àwọn ọdún 1970. Láàárín Kútọnu àti Èkó yìí ni ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ olórin tó lórúkọ jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àwo orin tí a fi pamọ́ ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà lè padà wá lẹ́yìn ogún ọdún, àti pé ohun tí kò sí lórí àwo ti bá àwọn olóògbé lọ.

Ìpìlẹ̀ Ẹgbẹ́ náà àti Irú Orin tí Wọ́n Ń Kọ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1965 sí 1970, àwọn ọ̀dọ́ olórin kan mú orin àbáláyé ilẹ̀ wọn, wọ́n sì fi gìtá oníná àti dúrọ́ọ̀mù gbé e jáde. Àwo Liege & Lief tí ẹgbẹ́ Fairport Convention ṣe ní ọdún 1969 jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Rọ́ọ̀kì ìbílẹ̀ ni a lè pe irú orin bẹ́ẹ̀. Ohun tó jọ èyí ń ṣẹlẹ̀ ní Kútọnu ní àkókò kan náà. Mélomé Clément dá Orchestre Poly-Rythmo sílẹ̀ ní ọdún 1968, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Dàhómì. Ọdún 1975 ni wọ́n yí i padà sí Bẹ̀nẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà mú ìlù àwọn ẹlẹ́sìn Vodun, wọ́n sì gbé e lé gìtá oníná, dúùrù oníná, fèrè àti dúrọ́ọ̀mù. Ìlù méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú wọn. Èkíní ni sato, tí wọ́n ń lù níbi ayẹyẹ ìrántí àwọn òkú. Èkejì ni sakpata, tó jẹ́ ti òrìṣà tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ṣànpọ̀nná. Wọ́n fi èdè Fọ̀n, Mina àti Faransé kọrin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti gbọ́ bí àwọn onígìtá jùjú ṣe ń tẹ̀lé gángan kò ní ṣàì mọ irú ọgbọ́n tí wọ́n lò.

Bí Wọ́n Ṣe Gba Orin Wọn Sílẹ̀

Nǹkan bí 500 orin ni ẹgbẹ́ yìí gbà sílẹ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì gbà ṣe é. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti Albarika Store, ilé-iṣẹ́ Adissa Seidou, tí wọ́n bá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá sí Èkó, sí ilé ìgborinsílẹ̀ EMI, tí ẹ̀rọ ibẹ̀ dára.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀. Àwọn oníṣòwò kéékèèké náà fẹ́ orin wọn, ẹgbẹ́ náà sì ń kọrin fún wọn láìka àdéhùn sí. Inú ilé ènìyàn ni wọ́n ti ń ṣe èyí, pẹ̀lú ẹ̀rọ téèpù Nagra àti màíkì kan tàbí méjì. Nítorí náà, gbogbo ohùn ló wọ inú ara wọn: gìtá, ìlù àti akọrin. Púpọ̀ nínú àwọn àwo wọ̀nyí kò pọ̀ lọ́jà, ọwọ́ àwọn tó rà wọ́n nìkan ni wọ́n sì wà.

Ìdákẹ́jẹ́ àti Ìpadàbọ̀

Ní àwọn ọdún 1980, ikú mú onígìtá wọn, Papillon, àti onídúrọ́ọ̀mù wọn, Léopold Yehouessi. Iná ẹgbẹ́ náà jó rẹ̀yìn. Lohento Eskill, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wọn pàtàkì, kú ní ọdún 2006.

Àwọn àwo àtijọ́ ló tún orúkọ wọn gbé dìde. Ilé-iṣẹ́ Soundway kó díẹ̀ jọ ní ọdún 2004. Samy Ben Redjeb, tó dá Analog Africa sílẹ̀ ní Jámánì, wá sí Bẹ̀nẹ̀ láti wá àwo kiri; ó tẹ The Vodoun Effect jáde ní ọdún 2008, ó sì tẹ Echos Hypnotiques ní ọdún 2009. Elodie Maillot, oníròyìn rédíò ilẹ̀ Faransé, lọ fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò ní ọdún 2007. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó mú wọn dé Yúróòpù, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2009.

Ní ọdún 2011, Cotonou Club jáde, àwo tuntun àkọ́kọ́ wọn lẹ́yìn ohun tó lé ní ogún ọdún. Wọ́n tún Gbeti Madjro àti Von Vo Nono kọ nínú rẹ̀. Angélique Kidjo bá wọn kọ Gbeti Madjro. Méjì nínú ẹgbẹ́ Franz Ferdinand láti Skọ́tílándì sì bá wọn ṣe Lion Is Burning.

Tí a bá gbé àwo yìí sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, ohùn kọ̀ọ̀kan dá dúró kedere, kò sì sí ariwo yàrá mọ́. Yorùbá ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ìrírí Mélomé, Vincent Ahéhéhinnou àti Gustave Bentho hàn gbangba nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gìtá Papillon kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi hàn mọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń rìn lórí okùn. Àwo àtijọ́ nìkan ni ẹlẹ́rìí. Mélomé fúnra rẹ̀ kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Àwọn tó kù ṣe àwo Madjafalao ní ọdún 2016.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Festac Town fúnra rẹ̀ kún ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ni ìjọba ṣe kọ́ ọ. Ní ọdún 1979, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ CBAAC sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn ohun èlò àjọ̀dún náà. Orin tí ẹnikẹ́ni kò yàn ẹ̀ṣọ́ fún kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Àwórì àti ọmọ Ẹ̀gùn wà nínú àwọn kíláàsì ní agbègbè yìí, bẹ́ẹ̀ ni orin sì wà lẹ́nu àwọn ìyá wọn àgbà. Olùkọ́ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi fóònù gba orin kan sílẹ̀ nílé, lẹ́yìn tó bá ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ́. Kí ó kọ orúkọ akọrin, èdè, ọjọ́, ibi àti ìdí tí a fi ń kọ orin náà sílẹ̀. Kí ẹ̀dà rẹ̀ má sì wà níbì kan ṣoṣo.

Ìkádìí

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ìpadàbọ̀ Poly-Rythmo kì í ṣe iṣẹ́ àwọn olórin nìkan. Ẹni tó ra àwo tó sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Kí olùkọ́ má ṣe dúró di ìgbà tí akọrin bá kú kó tó wá ohùn rẹ̀.