Bí Ajá Ìlọrin Bá Ń Jẹ́ Kuro

Bingo jẹ́ orúkọ ajá tó gbòde nílẹ̀ wa. Àwọn mìíràn a máa fi òwe sọ ajá lórúkọ, kí wọ́n lè fi sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Ní báyìí, orúkọ Jàpáàn náà wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Ó rọrùn lẹ́nu Yorùbá, nítorí fáwẹ̀lì ló ń parí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ará Jàpáàn bíi tiwa. Yuki ni yìnyín, Sora ni ojú ọ̀run.

Nínú àwọn ajá Jàpáàn, èyí tó lókìkí jù ni Hachiko, ajá irú Akita tí wọ́n bí ní 1923. Nígbà tí olówó rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ueno, kú ní 1925, ó ń lọ dúró dè é ní ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya ní Tokyo títí òun náà fi kú ní 1935. Hachi túmọ̀ sí ẹẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n Kuro, tó túmọ̀ sí dúdú, lè dá wàhálà sílẹ̀ ní àdúgbò Tanke ní Ìlọrin. Bí èèyàn bá kígbe pé, "Kuro, máa bọ̀," "kúrò" ni àlejò yóò gbọ́! Shiro, tó túmọ̀ sí funfun, sì jọ "ṣírò".

Ẹ kọ́kọ́ pe orúkọ náà sókè níta, kí ẹ tó fi sọ ajá yín lórúkọ.