Àwọ́nríwọ́n Tí Ó Ń Pa Ẹfọ̀n

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó dájú pé ẹ mọ àwọ́nríwọ́n, ẹran ẹ̀bá odò tí ó máa ń jí ẹyin àti òròmọdìẹ wa gbé. Bí a bá sọ fún yín pé ó ní ìbátan kan tí ó ń pa àgbọ̀nrín àti ẹfọ̀n jẹ, ẹ lè rò pé àlọ́ ni. Kì í ṣe àlọ́ rárá.

Ní ilẹ̀ Indonéṣíà, erékùṣù kékeré kan wà tí a ń pè ní Komodo. Ibẹ̀ àti àwọn erékùṣù mélòó kan nítòsí rẹ̀ nìkan ni ẹran yìí ń gbé nínú igbó. Kò sí aláǹgbá tí ó tóbi tó o ní gbogbo ayé. Akọ rẹ̀ tí ó dàgbà tán lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, kí ó sì wọn kílò 70. Awọ rẹ̀ rí bí eérú, ó sì le gbagidi. Ìrù rẹ̀ lágbára púpọ̀.

Ahọ́n rẹ̀ là sí méjì. Òun ni ó ń yọ síta láti fi mọ ibi tí òkú ẹran wà lọ́nà jíjìn. Bí ó bá ń ṣọdẹ, yóò ba sí ẹ̀bá ọ̀nà láì mira. Bí àgbọ̀nrín bá ń kọjá, yóò fò mọ́ ọn. Eyín rẹ̀ dà bí ayùn, oró sì wà ní ẹnu rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ni yóò ya ẹ̀yin ìyá lẹ́nu. Abo a máa yé ẹyin bíi 20 sínú ihò, a ṣọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ẹyin náà yóò lò tó bíi oṣù 8 kí ó tó pa. Bí ọmọ bá ti jáde, orí igi ni yóò sá gùn, nítorí pé àwọn àgbà inú wọn a máa pa á jẹ. Kò ní ìyá tí yóò gbà á sílẹ̀.

Àwọn ènìyàn Komodo ń kọ́? Mùsùlùmí ni wọ́n, apẹja sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ìtàn àwọn baba ńlá wọn sọ pé obìnrin kan ni ó bí ènìyàn àti ẹran yìí ní ìbejì. Nítorí náà wọn kì í pa á. Ṣùgbọ́n wọn kò fọkàn tán an. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí, wọ́n a sì máa to òkúta lé sàréè kí ó má baà hú òkú. Síbẹ̀, ní ọdún 2007, ó pa ọmọdékùnrin kan níbẹ̀. Láti ọdún 1980 ni ìjọba ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ láti dáàbò bo ẹran náà, nítorí ìwọ̀nba ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni ó kù láyé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n lára wọn. Àwọ́nríwọ́n tiwa kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá há a mọ́ igun ilé, a máa bu ni jẹ, a sì máa fi ìrù na ni. Bí ó bá yọ sí ẹ̀yìnkùlé yín, ẹ pe àwọn ọmọ wọlé, ẹ ti ilé adìẹ, kí ẹ sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti padà sí odò.