Ìwo Orí Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Yín

Bí ẹ bá ní ọmọ tí ó ń gun kẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ dìde kí ẹ lọ wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà ná. Ẹ fi ìka kan ìpẹ̀kun rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ṣé rọ́bà bò ó, àbí irin lásán ni ó la ẹnu sílẹ̀ bí ẹnu ìgò? Nígbà tí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ padà wá jókòó kí a jọ sọ̀rọ̀.

Ní agbègbè wa ní Àgbádárìgì níhìn-ín, títí dé Sẹ̀mẹ̀ tí í ṣe ẹnu ibodè, ọ̀kadà ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ láàrin àwọn àgbà. Kẹ̀kẹ́ Raleigh gàgàrà tí àwọn baba wa ń gùn kò wọ́pọ̀ mọ́. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ni kẹ̀kẹ́ nísinsìnyí, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́, èyí tí àwọn ọmọ òyìnbó ti gùn tì. Èmi kò bú tòkunbọ̀ o. Lójú tèmi, irin rẹ̀ nípọn ju ti àwọn tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ.

Ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn a máa ní ìwo. Ní nǹkan bí ọdún 1990, àṣà kan gbilẹ̀ láàrin àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, pé kí wọ́n fi irin kúkúrú méjì mọ́ ìpẹ̀kun ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí ó yọ síwájú bí ìwo màlúù. Bí òkè bá ga, ẹni tí ó ń gùn ún a di ìwo náà mú, a tẹ ara síwájú, agbára rẹ̀ a sì pọ̀ sí i. Ohun tí ó dára ni fún ẹni tí ó ń gun òkè. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, òkè wo ni a ní ní Àgbádárìgì? Iyanrìn, igi àgbọn àti ọ̀sà ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ.

Aládùúgbò mi kan ra irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Rọ́bà tí ó dí ẹnu ìwo apá òsì ti já bọ́ kí kẹ̀kẹ́ náà tó dé ọwọ́ wọn, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, táyà iwájú rì sínú iyanrìn lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yí bìrí, ọmọ náà sì ṣubú lé e. Ẹnu ìwo náà ni ó gbà á ní ikùn. Ó sunkún díẹ̀, ó dìde. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde, egbò kò sí, àfi àmì pupa róbótó kan bí owó kọ́bọ̀ àtijọ́. Ìyá rẹ̀ fi omi gbígbóná jó o, ó fún un ní ẹ̀kọ mu, ó ní kí ó lọ sùn. Nígbà tí ó di òru, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí bì, ikùn rẹ̀ le bí pákó, ojú rẹ̀ funfun. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti ya, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú láti ọ̀sán. Àwọn oníṣègùn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, Ọlọ́run sì dá a sí. Títí di òní, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìyá náà ń tún sọ: “Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí egbò, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?”

Kò jẹ̀bi. Bí irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣe ń ṣe ìjàǹbá náà nìyí: ìbú ẹnu rẹ̀ kò ju mìlímítà 22 lọ, gbogbo ìwúwo ọmọ tí ó ṣubú a sì kó jọ sójú kan ṣoṣo yìí. Awọ ikùn a tẹ̀ wọnú láì ya, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tàbí ìfun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ a há sáàrin irin àti egungun ẹ̀yìn. Nítorí ìdí èyí ni òfin Amẹ́ríkà fi pa á láṣẹ pé kí ìdérí wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì, kí ó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fi agbára bíi ti ẹrù kílò méje fà á kò ní lè fà á yọ.

Nítorí náà, bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá gbá ọmọ ní ikùn, ẹ má ṣe jó o, ẹ má ṣe fi òróró ra á, ẹ má sì ṣe fún un ní oúnjẹ tàbí àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà ní kedere pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni ó gbá a. Bí ó bá ń bì, bí ikùn bá ń le, bí ó bá ní èjìká ń dun òun láìjẹ́ pé ó fi èjìká gbá nǹkan, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn, ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ni àwọn àmì wọ̀nyí tó ń yọjú.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ yọ ìwo kúrò lórí kẹ̀kẹ́ ọmọdé pátápátá, kí ẹ sì fi rọ́bà dí ẹnu irin. Bí rọ́bà kò bá sí lọ́wọ́, kọ́ọ̀kì ìgò wáìnì tí a gbẹ́ tí a sì fi òòlù gbá wọlé yóò dí i fún ọjọ́ mélòó kan. Bí rọ́bà ìdìmú bá ń yọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi òróró tàbí kẹrosíìnì ti í wọlé. Yóò yọ mọ́ ọmọ lọ́wọ́ níjọ́ tí ó bá nílò rẹ̀ jù.

Bí ó bá jẹ́ baálé yín tàbí ọmọ tí ó ti bàlágà ni ó fẹ́ ìwo náà, ẹ dúró ti atúnkẹ̀kẹ́ bí ó ti ń fi í sí i. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí ó tọ́ gbọọrọ ni ó yẹ ẹ́, kì í ṣe èyí tí ó tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ. Kí ó kọ́kọ́ ti ìjánu àti rọ́bà ìdìmú sí inú díẹ̀, kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò kan lè ṣẹ́ kù ní ìpẹ̀kun, nítorí orí irin gan-an ni ìwo gbọ́dọ̀ dì mọ́, kì í ṣe orí rọ́bà. Kí ìwo méjèèjì dọ́gba, kí wọ́n kọjú síwájú, kí wọ́n sì gbé orí sókè díẹ̀. Èyí tí ó bá nà sókè gbọnrangandan dojú kọ àyà ẹni tí ó ń gùn ún. Kí ó fi gíríìsì díẹ̀ sí ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì, nítorí afẹ́fẹ́ òkun wa a máa jẹ irin kíákíá. Kí ó fún un le, ṣùgbọ́n kí ó má fún un ju bí ó ti yẹ lọ, pàápàá bí irin náà bá jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí ibi tí a bá fún pa ni yóò sán lọ́jọ́ kan.

Lẹ́yìn náà, kí ó há táyà iwájú mọ́ àárín orúnkún, kí ó fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ tẹ ìwo méjèèjì. Bí ọ̀kan bá yí, kò tíì tó. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń gùn ún pé ọwọ́ kò tó ìjánu láti orí ìwo, nítorí náà kò gbọdọ̀ di ìwo mú láàrin èrò ọjà Àgbálátà. Ẹ má sì fi àpò ẹja kọ́ ọ. Yóò fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọmọ aládùúgbò mi ti padà sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Rọ́bà dúdú méjì ni ó wà ní ẹnu rẹ̀ báyìí, ìyá rẹ̀ a sì máa fi ọwọ́ fà wọ́n wò láràárọ̀ kí ó tó jẹ́ kí ó jáde.