Báṣé hó lójú ọ̀nà Pòbẹ́: rédíétọ̀ tuntun nìkan kò tó

A ti rin nǹkan bí ìdajì ọ̀nà láti Kétu sí Pòbẹ́ nígbà tí oru funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú ọkọ̀. Báṣé 404 ni ọkọ̀ náà. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti àpò àgbàdo ló kún ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ìyá mẹ́ta tó ni ẹrù sì jókòó sórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí omi ṣe gbóná tó ti wọ ibi pupa tipẹ́ kí bàbá awakọ̀ tó kíyè sí i.

Bàbá dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó mú àkísà, ó na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ló sáré dé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i! Ẹ jẹ́ kó tutù ná."

"Ọmọ mi, ọjà àwọn ìyá yìí ń bàjẹ́ nínú oòrùn."

"Ojú yín ju ọjà lọ, Bàbá. Ẹ ṣáà dúró."

Ọpẹ́ ni pé Bàbá gbọ́. Nígbà tí ọkọ̀ tutù, a rí i pé rédíétọ̀ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ mìíràn tó fà wá dé Pòbẹ́. Ọ̀pọ̀ tòmátì náà ti rọ̀, ìdajì owó ni àwọn ìyá rí gbà lórí èyí tó kù. Mẹkáníìkì kan bá Bàbá fi rédíétọ̀ mìíràn sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, kò tó wákàtí méjì tó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù kan tí ọkọ̀ náà tún fi hó. Àjàṣẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní Pọ́tónóvò, ni Bàbá ti wá rí ọ̀gá mẹkáníìkì tó fi hàn án pé rédíétọ̀ kejì náà kò ní ẹ̀bi. Ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnnì ló tún lọ dí i.

Mo dúró ti ọ̀gá náà títí ó fi parí iṣẹ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tó ni ọkọ̀, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń fi ẹrù yín lé báṣé lọ́wọ́. Títú rédíétọ̀ àti dídè é kì í ṣe iṣẹ́ líle. Ohun tí a ṣe kí a tó dè é, àti omi tí a bù sí i lẹ́yìn náà, ló ń sọ bóyá yóò pẹ́.

Ọkọ̀ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa

Ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé gbé 404 jáde. Báṣé rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1967. Ọkọ̀ yìí gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin: 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ọ̀nà eruku àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń sá eré náà, èyí sì wà lára ohun tó mú kí àwọn ènìyàn gbà pé ọkọ̀ náà lè fara da ilẹ̀ wa. Àbúrò rẹ̀, 504, jáde ní 1968. Òun náà ní báṣé tirẹ̀, wọ́n sì to 504 púpọ̀ ní Kaduna ní Nàìjíríà.

Ara irin ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀sáǹsì tó wà nínú 404 ní, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kùlásì. Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù, alumíníọ̀mù á tẹ̀, jọ́ìn tó wà láàrin orí àti ara á jó, omi á sì wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Rédíétọ̀ tí a lè rà pẹ̀lú owó ọjà ọjọ́ kan tàbí méjì á wá di àtúnṣe ẹ́ńjìnnì odindi.

Kí ẹ tó ra òmíràn

Ọ̀gá náà kò fọwọ́ kan sípánà títí ó fi yẹ ọkọ̀ náà wò dáadáa. Ó kọ́kọ́ wo omi. Bí omi bá pupa bí ilẹ̀, ìpẹtà wà nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá dà bí ẹ̀kọ mímu, tàbí tí epo ń léfòó lórí rẹ̀, tàbí tí èéfín funfun ń tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀ láì dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí jọ́ìn ti jó. Rédíétọ̀ tuntun kò lè wo irú èyí sàn.

Lẹ́yìn náà ó wo bẹ́líìtì, pọ́ǹpù omi àti fáànù. Nínú 404 àti 504 púpọ̀, fáànù kì í yí ní gbogbo ìgbà. Mágínẹ́ẹ̀tì ló ń mú un, nígbà tí sùwíìṣì kékeré kan bá ti mọ̀ pé omi ti gbóná. Bí wáyà sùwíìṣì náà bá já, ọkọ̀ á máa hó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àti lórí òkè, rédíétọ̀ ì báà dára bí tuntun. Wáyà kékeré lásán ti jẹ́ kí àwọn kan ra rédíétọ̀ tí wọn kò nílò.

Èwo ni ká rà?

Rédíétọ̀ àtijọ́ tó bá ọkọ̀ náà wá jẹ́ ti bàbà àti idẹ. Ó wúwo, ṣùgbọ́n bí ó bá lu, àwọn tó ń jó rédíétọ̀ lè fi òjé dí i. Ọ̀pọ̀ tuntun tó wà lọ́jà báyìí jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ike ṣe òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó sì ń tu omi lára dáadáa, ṣùgbọ́n bí ike náà bá ya, kò sí ẹni tó lè fi òjé dí i. Bí ti bàbà yín bá lu níbì kan péré, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jó kí ẹ tó náwó sí òmíràn.

Bí ẹ bá máa rà, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ wo gíga àti fífẹ̀ wọn, ibi tí rọ́bà omi ti ń wọlé àti ibi tó ti ń jáde, ihò bóòtù, àti ọrùn tí ìdérí ń jókòó sí. Bí sùwíìṣì fáànù yín bá wà lára rédíétọ̀, tuntun náà gbọ́dọ̀ ní ihò rẹ̀. Ẹ má ṣe gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ fi òòlù gbá a títí yóò fi wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá, kí ẹ sì tú wáyà bátìrì kan kúrò. Ẹ gbé agbada sábẹ́, kí ẹ ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ rédíétọ̀. Ẹ ṣí bóòtù ìdà-omi tó wà lára ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, nítorí ìdajì omi á kù sínú rẹ̀ bí ẹ kò bá ṣí i. Bí omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ike bá wà nínú ọkọ̀, ẹ má ṣe dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ewúrẹ́ tàbí ajá tó bá lá a lè kú, ọmọdé náà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ẹ tú rọ́bà òkè àti ti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tú bóòtù, kí ẹ sì gbé rédíétọ̀ sókè tààrà kí fáànù má baà ya á. Bí rọ́bà bá ti le tàbí tó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí tí ọwọ́ ti débẹ̀.

Ibi tí mẹkáníìkì Pòbẹ́ ti fò nìyí. Ọ̀gá Àjàṣẹ́ fi ọ́ọ̀sì omi sí ẹnu rọ́bà òkè, ó jẹ́ kí omi máa ṣàn gba inú ẹ́ńjìnnì. Ohun tó kọ́kọ́ jáde dà bí ẹrẹ̀ odò. Ó yí ọ́ọ̀sì padà, ó tún fi omi gba ìsàlẹ̀ sókè. Ó tó bí ìdajì wákàtí kí omi tó mọ́. Bàbá wo ẹrẹ̀ náà, ó mi orí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bu omi odò àti omi kòtò sí ọkọ̀ náà láti ọdún pípẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀gá yọ tẹ́mósítáàtì, ó sọ ọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná. Èyí tó dára á ṣí kí omi tó hó. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ń yọ ọ́ dànù pé ilẹ̀ wa gbóná. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó yẹ á máa jẹ ẹ̀sáǹsì, ara rẹ̀ á sì tètè jẹ.

Nígbà tí wọ́n gbé rédíétọ̀ padà, wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ rẹ̀ kí gbígbọ̀n ọ̀nà má baà là á. Wọ́n ti bẹ́líìtì fáànù wò pẹ̀lú ìka: ó yẹ kí ó tẹ̀ díẹ̀, kó má dẹ̀ jù, kó má sì le jù.

Omi tí ẹ máa bù sí i

Omi odò àti omi kànga tó ní ẹfun á fi ìpàpá sílẹ̀ nínú rédíétọ̀ bí ó ṣe ń fi í sílẹ̀ nínú kẹ́tù. Omi òjò tó mọ́, tí a sẹ́, sàn jù wọ́n lọ. Èyí tó dára jù ni omi aláwọ̀ tí a pò mọ́ omi mímọ́ bí ara ike ṣe sọ, nítorí pé ó ń dènà ìpẹtà.

Ẹ rọra bu omi náà sí i kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì láì dé ìdérí, kí ẹ máa bu kún un bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀, títí rọ́bà òkè á fi gbóná tí ìhó kékeré kò sì ní jáde mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò dé e. Ìdérí náà kì í ṣe ọmọrí ìkòkò lásán. Ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ kí ó lè gbóná kọjá 100 láì hó. Ìdí nìyí tí ṣíṣí rẹ̀ nígbà tó gbóná fi ń bú jáde sí ènìyàn lójú. Ẹ lo ìdérí tó bá ọkọ̀ náà mu. Ẹ fi ọkọ̀ òfìfo rìn díẹ̀, kí ẹ sì tún wo omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ tó kó ẹrù.

Bí ọkọ̀ bá hó lójú ọ̀nà

Bí abẹ́rẹ́ bá ń lọ sókè, ẹ má ṣe sọ pé ẹ fẹ́ dé abúlé tó kàn. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa á. Ẹ dúró ó kéré tán ìdajì wákàtí. Ẹ má ṣe da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, nítorí kùlásì lè sán. Àwọn kan ń fọ́ ẹyin sínú rédíétọ̀ kó lè dí ihò. Ó lè gbé yín délé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n yóò dí àwọn ọ̀nà tóóró inú rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin ìyá oníṣòwò, ẹ̀yin náà lè béèrè kí ẹ tó gbé apẹ̀rẹ̀ sókè: "Bàbá, ẹ ti wo omi lónìí?" Kì í ṣe àrífín. Ẹrù yín ni.

Ọkọ̀ bàbá náà ṣì ń ná ọ̀nà Kétu títí di òní. Ní àràárọ̀, kí ó tó tan án, ó máa ń ṣí iwájú rẹ̀, á wo omi, á fi ìka kan bẹ́líìtì. Àwọn ìyá mẹ́ta náà ti padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kò sí ọjọ́ tí àwọn kò kọ́kọ́ bi í nípa omi, kò sì bínú rí.