Owó ọkọ̀ lásán tàbí àsanpọ̀ láti Bouaké sí Nàìjíríà: Èwo ló yẹ kí ẹ san?

Bọ́dà mẹ́rin ló wà láàrin Ahougnansou àti Èjìgbò. Ẹni tó bá gbéra ní àdúgbò yìí nílùú Bouaké, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Abidjan, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 350. Lẹ́yìn náà ni yóò la Ghana, Togo àti Benin kọjá kó tó fojú kan ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀nà láti Abidjan sí Èkó nìkan lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà.

Kó tó wọ bọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan wà tó gbọ́dọ̀ dáhùn níbùdókọ̀: ṣé owó ọkọ̀ lásán ló fẹ́ san, àbí àsanpọ̀, ìyẹn owó kan ṣoṣo tó kó owó ọkọ̀ àti ìnáwó ojú ọ̀nà mọ́ra?

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé Côte d'Ivoire, àwọn tí ará ibẹ̀ ń pè ní Ànàgó, ló jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìrìnàjò yìí ti mọ́ wọn lára débi pé bọ́ọ̀sì máa ń gbéra ní Èjìgbò tààrà lọ sí Abidjan. Àmọ́ pé ọ̀nà mọ́ èèyàn lára kò túmọ̀ sí pé owó tó ń san lójú ọ̀nà náà yé e.

Kí ló wà nínú àsanpọ̀?

Lójú ọ̀nà Èkó sí Accra àti Abidjan, kì í ṣe ohun tuntun pé kí iye owó ọkọ̀ yàtọ̀ láti orí èrò kan sí òmíràn. Ẹni tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà rẹ̀ rí lè san iye kan. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun, tí kò ní òǹtẹ̀ kankan, lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ní ìwé rárá ni tirẹ̀ sábà máa ń wọ́n jù.

Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lè sọ fún ìyá oníṣòwò pé: "Màmá, ẹ san gbogbo ẹ̀ pọ̀. A ó bá yín yanjú bọ́dà, ẹ ò ní dààmú." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, pàápàá létí ẹni tó di ẹrù púpọ̀, tó sì gbé ọmọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n tí a bá tú àsanpọ̀ náà palẹ̀, ọjà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìrìnàjò fúnra rẹ̀. Ìkejì ni ìrànlọ́wọ́: ẹni tí yóò kó ìwé èrò jọ, tí yóò bá aṣọ́bodè sọ̀rọ̀, tí yóò sì mójú tó ẹrù. Ìkẹta ni owó tí wọ́n ń san nítorí ìwé tí èrò kan kò ní. Ọjà kẹta yìí ló sábà máa ń gbé owó sókè.

Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò mọ sí ibùdókọ̀. Àwọn Yorùbá ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Britain tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ṣe ọjọ́ìbí náà máa ń bá a pàdé, nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n san owó ohun mímu gbogbo ọjọ́ ìrìnàjò lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ọkọ̀ Carnival, àsanpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Cheers kò kọjá ife ọtí 15 lóòjọ́. Bí àgbàlagbà kan nínú yàrá bá sì rà á, dandan ni kí àwọn àgbàlagbà yòókù inú yàrá náà rà á. Ọkọ tó fẹ́ràn ọtí lè tipa bẹ́ẹ̀ sanwó fún ìyàwó tí kì í mu ju ife kan lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú bọ́ọ̀sì. Bí àsanpọ̀ bá jẹ́ iye kan náà fún gbogbo èrò, ẹni tí ìwé rẹ̀ pé ló ń bá ẹni tí kò ní ìwé san owó.

Ohun tí òfin ti fún yín tẹ́lẹ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS buwọ́ lu àdéhùn kan nílùú Dakar. Ó fún ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà láìgba físà, kó sì dúró níbẹ̀ fún 90 ọjọ́.

Ohun tí àdéhùn náà béèrè kò pọ̀: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, ìwé ẹ̀rí àjẹsára, àti pé kí èèyàn gba ẹnu ibodè tí ìjọba mọ̀ wọlé.

Orílẹ̀-èdè márààrún tó wà lójú ọ̀nà yìí ló ṣì wà nínú ECOWAS. Mali, Burkina Faso àti Niger tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2025 kò sí lójú ọ̀nà náà.

Bọ́dà mẹ́rin túmọ̀ sí òǹtẹ̀ mẹ́jọ, torí pé òǹtẹ̀ ìjáde kan àti ti ìwọlé kan ló wà ní bọ́dà kọ̀ọ̀kan. Àdéhùn 1979 kò dá owó kankan lé òǹtẹ̀ wọ̀nyí. Ní Sèmè-Kraké tó wà láàrin Nàìjíríà àti Benin, wọ́n ti ṣí ibùdó àjùmọ̀lò kan láti oṣù Kẹwàá ọdún 2018, kí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè máa ṣàyẹ̀wò èrò níbì kan náà.

Òótọ́ ni pé ohun tó wà nínú ìwé òfin àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà kì í fìgbà gbogbo bára mu. Ọ̀pọ̀ arìnrìnàjò ló ti san owó tí wọn kò gba rìsíìtì rẹ̀ rí.

Àwọn tó ti pẹ́ ní Bouaké mọ bí àṣà yìí ṣe ń wọ èèyàn lẹ́wù. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ìlú wọn di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀, ibi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà sì di ibi ìsanwó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, ìjọba Côte d'Ivoire fagi lé káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ECOWAS. Káàdì náà lọ, àmọ́ àṣà kí èèyàn ti fọwọ́ bọ àpò kí wọ́n tó béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì tán.

Yẹ́lò káàdì: ẹ má ra ohun tí ẹ ti ní

Owó yẹ́lò káàdì wà lára ohun tí wọ́n lè kà mọ́ àsanpọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo èyí tó wà nílé.

Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016, òfin ìlera àgbáyé tí àjọ WHO ń mójú tó ti sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Èyí kan káàdì àtijọ́ náà, ìbáà jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Kò sí ìdí láti tún un ṣe.

Ẹni tí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ náà rí ní láti tètè lọ, nítorí pé ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ìwé ẹ̀rí náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Káàdì tí wọ́n bá sì fún èèyàn níbùdókọ̀ láìsí abẹ́rẹ́ kò lè dá ibà pọ́njú dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, N100,000 ni ìwé ìrìnnà Nàìjíríà olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún, fún ẹni tó bá gbà á nílé. Èyí tó ní ojú ewé 64, tó ń lo ọdún mẹ́wàá, jẹ́ N200,000. Fún àwọn tó ń gbà á lókè òkun, $150 àti $230 ni.

Ká wá ní olùtà tíkẹ́ẹ̀tì bu N40,000 lé owó ọkọ̀ nítorí pé èrò kò ní ìwé. Àpẹẹrẹ lásán ni iye yìí. Ẹ fi èyí tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ di N80,000. Oníṣòwò tó ń lọ sílé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yóò san N160,000 lọ́dún. Ní ọdún márùn-ún, ó di N800,000.

Ìwé ìrìnnà tí ì bá lò fún ọdún márùn-ún kan náà kò ju N100,000 lọ. Kódà ká ní ó tún ń san N10,000 káàkiri bọ́dà ní gbogbo ìgbà tó bá rìn, tí ìrìn rẹ̀ sì jẹ́ 20, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ kò kọjá N300,000.

Kí ẹni tó ń rìn lóòrèkóòrè rántí pé àlọ àti àbọ̀ kan ń gba òǹtẹ̀ 16. Ìwé olójú ewé 32 lè kún kó tó pé ọdún márùn-ún, nítorí náà èyí tó nípọn lè sàn fún un.

Ti ẹni tó ń lọ sílé lẹ́ẹ̀kan láàrin ọdún márùn-ún ló yàtọ̀. Lójú rẹ̀, N80,000 dín sí N100,000, àsanpọ̀ sì jọ èrè. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ohun tí àsanpọ̀ kò lè fún yín

Ẹni tí wọ́n bá mú kọjá láìsí ìwé kò gba òǹtẹ̀. Ẹni tí kò gba òǹtẹ̀ kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tó wọ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi hàn pé òun wà láàrin 90 ọjọ́ tí òfin fún òun. Bí wọ́n bá dá a dúró níbì kan ní Ghana tàbí Togo lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì ti lọ, ẹni tó gba owó àsanpọ̀ kò sí níbẹ̀ láti gbẹnu sọ fún un.

Bákan náà ni ti àìsàn tàbí ìjàm̀bá ọkọ̀. Tí ẹnì kan bá dákú sójú ọ̀nà láìní ìwé tó sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti wá, yóò ṣòro láti wá ìdílé rẹ̀ rí, ìbáà jẹ́ ní Ahougnansou tàbí ní Èjìgbò.

Fún ẹni tí kì í rìn púpọ̀, ìwé mìíràn lè wà. Ní ọdún 1985, ECOWAS dá ECOWAS Travel Certificate sílẹ̀ fún ìrìnàjò láàrin àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà àti ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Abidjan ló yẹ kí ẹ bi léèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fúnni báyìí, bí ẹ ṣe lè gbà á àti iye rẹ̀, kì í ṣe ibùdókọ̀.

Ìgbà wo wá ni àsanpọ̀ tó rà?

Kì í ṣe gbogbo àsanpọ̀ ló burú. Ìyá àgbà tí kò gbọ́ Faransé, tí kò sì lè dúró pẹ́ lórí ìlà, lè rí i pé owó ẹni tí yóò bá òun kó ìwé lọ sí iwájú aṣọ́bodè tọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ru ẹrù púpọ̀, tí owó ẹrù rẹ̀ sì wà nínú iye tó san. Bí wọ́n bá ka ọkọ̀ Abidjan sí Bouaké mọ́ ọn, ó lè dín ìnáwó àti wàhálà kù fún ẹni tó bá dé ní òru.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìrànlọ́wọ́ ni èyí, kì í ṣe owó ìwé tí kò sí. Ẹ tún rántí pé sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Côte d'Ivoire, Togo àti Benin. Ghana nìkan ni ẹ ti máa nílò sídì kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n ń ná náírà. Nítorí náà, "a ó bá yín ṣẹ́ owó" kò yẹ kó gbówó lórí púpọ̀.

Ìbéèrè márùn-ún kí ẹ tó sanwó

Èkíní: èló ni owó ọkọ̀ lásán, èló sì ni ìyókù? Ẹni tí kò bá lè yà á sọ́tọ̀ kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ni.

Èkejì: ṣé wọn yóò lu òǹtẹ̀ sí ìwé mi ní bọ́dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ẹ ò nílò rẹ̀", ẹ fi owó yín sápò.

Ẹ̀kẹta: kìlógíráàmù ẹrù mélòó ló wà nínú rẹ̀?

Ẹ̀kẹrin: tí bọ́dà bá tì ńkọ́? Ghana ti bodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022. Ẹ béèrè bóyá wọn yóò dá owó padà.

Ìkarùn-ún: ṣé ẹ máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú rìsíìtì? Ọmọ tí kì í bá òbí rẹ̀ rìn náà ní láti ní lẹ́tà àṣẹ òbí lọ́wọ́; àsanpọ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ìgbà tó dára jù láti ṣe ìpinnu yìí kì í ṣe ọjọ́ ìrìnàjò, nígbà tí ẹ́ńjìnì bọ́ọ̀sì ti ń dún tí ẹrù sì ti wà lórí ọkọ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣọdún nílé ní oṣù Kejìlá lè ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, kó sì ti béèrè fún ìwé ìrìnnà, ní oṣù Kẹjọ. Nígbà tó bá dé ibùdókọ̀, owó ọkọ̀ lásán ni yóò kù tí yóò san.